Oko tí a Gbìn sínú Kọ̀ǹpútà

  Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́sẹ̀ yìí lè kọ́kọ́ dà bí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yunifásítì létí yín. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ bá wa kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ gàrí, ọ̀rọ̀ láfún àti ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni.

Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Èkó lọ sí Abẹ́òkúta rí yóò mọ Ìtòrí, níbi tí ìjọba ìbílẹ̀ Ewékoro fi ṣe ibùjókòó rẹ̀. Bí a bá ti dárúkọ Ewékoro, símẹ́ńtì ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rántí, nítorí ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1960. Ṣùgbọ́n oko ló yí ìlú ká. Ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo ni wọ́n ń gbìn, àwọn obìnrin ló sì ń sọ ẹ̀gẹ́ di gàrí àti láfún tí gbogbo ilẹ̀ Ẹ̀gbá ń jẹ.

Ẹ jẹ́ kí a fojú inú wo ilé kan ní Ìtòrí ní oṣù Máàṣì. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Baálé ilé ti pọ́n àdá rẹ̀, ó sì pe ìyàwó rẹ̀.

"Ìyá wọn, gbé irúgbìn àgbàdo yẹn jáde. Ilẹ̀ ti mumi."

"Bàbá wọn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí èyí tí a gbìn níjọ́sí. Òjò méjì rọ̀, a gbìn, oòrùn ọ̀sẹ̀ méjì sì sè é mọ́lẹ̀. Owó ilé kéú àwọn ọmọ ni a fi ra irúgbìn mìíràn."

"Bí a bá dúró ńkọ́? Bí àwọn ará yòókù bá kọ́kọ́ gbé àgbàdo tútù dé ọjà, èló ni a ó ta tiwa?"

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni ẹ ó dá láre nínú àwọn méjèèjì? Ọkọ kò jẹ̀bi, ìyàwó náà kò sì jẹ̀bi. Ẹni tó yára lè pàdánù irúgbìn. Ẹni tó lọ́ra lè pàdánù ọjà. Irú ẹjọ́ báyìí ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ ń fi kọ̀ǹpútà bá wa gbọ́ lóde òní.

KÍ NI OKO INÚ KỌ̀ǸPÚTÀ?

Ẹ wo ara ògiri yàrá yín. Ó ṣeé ṣe kí káléńdà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ àkókò ìrun márààrún, láti oṣù Jánúárì títí dé oṣù Dìsẹ́ńbà. Nígbà tí wọ́n tẹ káléńdà náà, oòrùn oṣù Júùnù kò tíì yọ. Báwo ni ẹni tó ṣe é ṣe mọ ìṣẹ́jú tí oòrùn náà yóò wọ̀? Ìṣírò ni. Ó mọ ìrìn oòrùn, ó mọ ibi tí ìlú wà, ó sì kà á ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ ìyá káléńdà yẹn ni oko inú kọ̀ǹpútà. Kò sí ilẹ̀ níbẹ̀, kò sí ewé, ẹnikẹ́ni kò sì lè kórè èpo igi kan níbẹ̀. A ó máa pè é ní oko ìṣírò. Àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ wo oko gidi fún ọ̀pọ̀ ọdún: báwo ni ewé ṣe ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe oúnjẹ, omi mélòó ni gbòǹgbò ń fà lójúmọ́, ìgbà wo ni àgbàdo ń yọ ìrùkẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ ohun tí wọ́n rí di ìṣírò, wọ́n sì kọ ìṣírò náà fún kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á sọ fún un pé: òjò tó rọ̀ nìyí, bí ooru ti mú tó nìyí, irú ilẹ̀ tó wà níbẹ̀ nìyí, ọjọ́ tí a gbìn nìyí. Kọ̀ǹpútà á sì tọ́ ohun ọ̀gbìn náà láti ọjọ́ ìgbìn dé ọjọ́ ìkórè, ọjọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1965, ọ̀jọ̀gbọ́n C. T. de Wit ní ìlú Wageningen ní ilẹ̀ Holland gbé ìṣírò jáde nípa bí ewé inú oko ṣe ń lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ní 1982, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá kan ní Yunifásítì Hawaii ní Amẹ́ríkà nítorí àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ olóoru bíi tiwa. Ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni DSSAT, àkójọ oko ìṣírò fún oríṣiríṣi ohun ọ̀gbìn, tí wọ́n ń lò káàkiri ayé títí di òní. Ní 2009, àjọ FAO ti Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà gbé tiwọn jáde, wọ́n pè é ní AquaCrop. Ọ̀rọ̀ omi àti ìkórè ni tiwọn dá lé.

ÀMÙ OMI TÓ WÀ NÍNÚ ILẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a fọwọ́ ara wa ṣe díẹ̀ nínú ìṣírò náà, kí ẹ lè rí i pé kò sí idán nínú rẹ̀. Ẹ ka ilẹ̀ oko sí àmù. Òjò ló ń pọnmi sí i. Gbòǹgbò àti oòrùn ló ń bu omi inú rẹ̀. Mìlímítà ni a fi ń wọn omi òjò. Ká ní ilẹ̀ kan tó ní amọ̀ díẹ̀ lè gba 60 mìlímítà omi tí gbòǹgbò lè rí mu, ká sì ní àgbàdo àti oòrùn ń bu 4 mìlímítà lójúmọ́.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, àmù kún. Ọjọ́ 5 kọjá láìsí òjò: 20 ti lọ, ó ku 40. Òjò 30 mìlímítà wá rọ̀. Ó yẹ kí omi di 70, ṣùgbọ́n àmù kò gbà ju 60 lọ, 10 sì ṣàn dànù. Bí ọjọ́ 10 bá tún kọjá láìsí òjò, 20 ni yóò kù. Àgbàdo yóò máa ká ewé lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ẹ̀mí rẹ̀ ṣì wà.

Ẹ wá wo oko kejì tó wà lórí ilẹ̀ iyanrìn, tí àmù tirẹ̀ kò gbà ju 30 lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ 5 àkọ́kọ́, 10 ló kù níbẹ̀. Òjò 30 kan náà rọ̀, ó di 40, 10 ṣàn dànù, 30 sì kù. Bí ọ̀dá bá bẹ̀rẹ̀, kí ọjọ́ kẹjọ tó parí, àmù ti gbẹ táútáú. Ọ̀dá ọjọ́ 10 ni a sì ń sọ.

Ṣé ẹ rí i? Òjò kan náà, ọjọ́ kan náà, ẹni kan yóò kórè, èkejì yóò káwọ́ lérí. Nítorí náà, bí aládùúgbò yín bá gbìn lónìí tí tirẹ̀ yè, kò fi hàn pé tiyín náà yóò yè. Ẹ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ yín léèrè bí àmù rẹ̀ ti tóbi tó.

Kọ̀ǹpútà ń ka ooru náà. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan ní Texas ní Amẹ́ríkà gbé oko ìṣírò àgbàdo jáde tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ CERES-Maize. Nínú rẹ̀, wọ́n á yọ 8 kúrò nínú ìwọ̀n ooru ojúmọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí bí òtútù bá mú dé 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius, àgbàdo kì í dàgbà. Bí ooru òní bá jẹ́ 27, 19 ni wọ́n á kọ sílẹ̀. Wọ́n á máa rò ó pọ̀ títí yóò fi pé iye tí irú àgbàdo náà ń fẹ́ kó tó gbó. Bí ẹ̀wà orí iná ni: iná tó le á mú un jinná kíá, iná tó rọ̀ á mú un pẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ tọkọtaya wa. Bí a bá ní àkọsílẹ̀ òjò ọdún 30 fún agbègbè wọn, kọ̀ǹpútà lè gbin àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìkórè 120 nìyẹn, kí ẹ̀kọ tó jinná lórí iná. Kò sí bàbá àgbẹ̀ tó lè rí iye ìkórè bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní sọ fún wọn pé, "Ẹ gbìn lọ́la." Ohun tí yóò sọ ni pé nínú ọdún 30, ẹ̀ẹ̀melòó ni irúgbìn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ jóná, ẹ̀ẹ̀melòó sì ni ti ọ̀sẹ̀ kẹta. Ká ní ti àkọ́kọ́ jóná lẹ́ẹ̀mẹwàá, tí ti ìkẹta jóná lẹ́ẹ̀mẹ́ta péré. Ilé tó ní owó ní ìpamọ́ lè ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú òjò àkọ́rọ̀. Ilé tó jẹ́ pé àpò irúgbìn kan ló ní láyé kò gbọdọ̀ dán an wò.

KÒKÒRÒ FUNFUN TÓ FẸ́ JẸ Ẹ̀GẸ́ TÁN

Ẹ lè sọ pé, "Èyí dára, ṣùgbọ́n ṣé ó ti ṣe wá láǹfààní rí ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá?" Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Kò sí ẹ̀gẹ́ ní Áfíríkà rí. Láti Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni àwọn òyìnbó Potogí ti gbé e wá láyé àtijọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kòkòrò kékeré kan tó funfun bí ẹni tí wọ́n da èlùbọ́ sí lára tẹ̀ lé e wá láti ibẹ̀, a sì kọ́kọ́ rí i ní ilẹ̀ Kóńgò. Abo ni gbogbo wọn, wọn kì í wá akọ kí wọ́n tó yé ẹyin. Bí wọ́n bá ti bo orí ẹ̀gẹ́, ewé rẹ̀ á ká kò, á ṣù jọ, igi á sì ràn. Láti Kóńgò ó ń tàn ká. Kí àwọn ọdún 1970 tó parí, ó ti dé ọ̀dọ̀ wa. Níbi tó bá ti jà gidi, ó lè mú tó 80 nínú 100 ìkórè lọ. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń yan gàrí, ẹ wo ohun tí ìyẹn jẹ́.

Bí àgbẹ̀ tálákà bá ní kí òun máa ra oògùn kòkòrò, owó rẹ̀ yóò ju owó ẹ̀gẹ́ lọ, oògùn náà á sì tún wọ inú omi tí a ń mu. Ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1967, onímọ̀ kan láti Switzerland, Hans Herren, ní ìrònú mìíràn. Ó ní: bí kòkòrò yìí kò bá run ẹ̀gẹ́ ní ibi tí ó ti wá, a jẹ́ pé ọ̀tá kan wà níbẹ̀ tó ń dá a lẹ́kun. Wọ́n wá a títí, wọ́n sì rí ọ̀tá náà ní ilẹ̀ Paraguay. Agbọ́n kan ni, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Anagyrus lopezi. Kì í ta èèyàn. Inú kòkòrò funfun ló ń yé ẹyin sí; ọmọ rẹ̀ á jẹ kòkòrò náà láti inú wá, á sì fò jáde.

Wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ sí England láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí àrùn mìíràn má baà bá a wọlé. Ní 1981, wọ́n tú u sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Agbègbè Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta ni wọ́n sì ti ń ka kòkòrò funfun lórí ẹ̀gẹ́ léraléra fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà. Kòkòrò náà dín kù, kò sì padà pọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan kù. Òjò náà máa ń fọ kòkòrò dànù. Àwọn ọ̀bọ̀ùnbọ̀un kéékèèké tiwa náà ń jẹ ẹ́. Ta ló ṣe iṣẹ́ náà gan-an? Bí òjò bá ni, owó tí wọ́n ń ná lórí agbọ́n di ìnákúnàá. Bí agbọ́n bá ni, kí wọ́n yára gbé e dé ibi gbogbo kí ebi tó pa èèyàn. Ẹnì kan kò sì lè ṣa gbogbo agbọ́n kúrò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá kó tó mọ ìdáhùn, bẹ́ẹ̀ ni kò lè dá òjò dúró.

Ohun tí a kò lè ṣe ní oko gidi, a lè ṣe é ní oko ìṣírò. Andrew Gutierrez ti Yunifásítì California ní Berkeley àti àwọn onímọ̀ IITA gbin ẹ̀gẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ewé, igi àti iṣu rẹ̀, pẹ̀lú òjò àti oòrùn wa. Wọ́n fi kòkòrò funfun sí i, wọ́n fi agbọ́n sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀, wọ́n sì wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1988, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀. Agbọ́n náà ni olórí ọmọ ogun. Òjò ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọ̀bọ̀ùnbọ̀un ilé kò lè dá ẹrù náà gbé.

Wọ́n sin agbọ́n náà, wọ́n gbé e kiri, kódà wọ́n fi ọkọ̀ òfuurufú tú u sílẹ̀ lókè oko. Ó dé orílẹ̀-èdè tó ju 20 lọ ní Áfíríkà. Àgbẹ̀ kò san kọ́bọ̀. Ní 1995, wọ́n fún Herren ní Ẹ̀bùn Oúnjẹ Àgbáyé nítorí iṣẹ́ náà. Bí gàrí bá wà nínú abọ́ wa lónìí, ká rántí pé agbọ́n kékeré kan wà nídìí rẹ̀, pẹ̀lú àwọn tó jókòó ka kòkòrò lórí ewé ẹ̀gẹ́ ní Abẹ́òkúta nínú oòrùn.

ỌBẸ̀ TÍ KÒ NÍYỌ̀

Ẹ̀yin ìyá, ẹ ó gbọ́ èyí ju àwọn bàbá lọ. Bí ọbẹ̀ kò bá níyọ̀, ṣé ẹ ó tún bu epo sí i? Ata ńkọ́? Bí ẹ bu gbogbo epo inú kèrègbè sí i, kò ní dùn. Iyọ̀ ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ rí. Oúnjẹ mẹ́ta ni ohun ọ̀gbìn ń bèèrè jù: náítírójìn, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ́mù. Èyí tó bá ṣọ̀wọ́n jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dá ìkórè dúró. Ní 1990, àwọn onímọ̀ Wageningen gbé ìṣírò kan jáde tí wọ́n fi àgbàdo oko Kenya dán wò. QUEFTS ni orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ èyí tó ṣọ̀wọ́n.

Ìṣírò yìí wà lára ohun tí IITA lò nígbà tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí ẹ̀gẹ́ ní àárín àwọn ọdún 2010. Lára àwọn ẹlẹgbẹ́ náà ni Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1988. Ohun tí wọ́n ṣe ń jẹ́ AKILIMO. Àgbẹ̀ lè rí i lórí fóònù, ó sì wà lórí ìwé fún ẹni tí kò ní fóònù ńlá. Yóò béèrè ibi tí oko wà, bó ti tóbi tó, ìgbà tí ẹ fẹ́ gbìn àti ìgbà tí ẹ fẹ́ wú u, èló ni wọ́n ń ta ajílẹ̀, èló ni wọ́n ń ra ẹ̀gẹ́, àti iye owó tó wà lọ́wọ́ yín. Bí ajílẹ̀ kò bá ní mú èrè wá, yóò sọ pé ẹ má rà á.

Ìgbà tí a ń wú ẹ̀gẹ́ náà wà nínú ìṣírò. Ohun tí ìyá tó ń yan gàrí ti mọ̀ tipẹ́ ni. Nígbà tí òjò bá padà dé lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn, igi ẹ̀gẹ́ á fi oúnjẹ inú iṣu rẹ̀ yọ ewé tuntun. Ẹ̀gẹ́ tí a bá wú nígbà náà á lómi, gàrí rẹ̀ á sì kéré nínú agbada. Ìmọ̀ ìdí agbada yín ni kọ̀ǹpútà kọ́ yìí, kí ojú má tì yín láti bá a sọ̀rọ̀.

ODÒ ÒGÙN NÁÀ Ń BẸ NÍNÚ ÌṢÍRÒ

Bí a ṣe ń ka omi inú ilẹ̀ náà ni a ń ka omi inú odò. Ìdidò Ọ̀yán, tí wọ́n ṣí ní 1983, lè gba 270 mílíọ̀nù mítà kúbíìkì omi. Láti ibẹ̀ ni omi ti ń wọ odò Ògùn, tó ń gba Abẹ́òkúta kọjá lọ sí ọ̀sà. Àwọn onímọ̀ ń ṣírò pé bí òjò bá rọ̀ báyìí lókè odò, tí wọ́n sì ṣí omi ìdidò báyìí, ọjọ́ mélòó ni omi yóò fi dé ìsàlẹ̀, ilé ta ni yóò sì wọ̀. Àjọ NIHSA ti ìjọba àpapọ̀ ń gbé ìkìlọ̀ omíyalé jáde lọ́dọọdún, àjọ NiMet sì ń sọ tẹ́lẹ̀ ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Ní 2022, omíyalé pa èèyàn tó ju 600 lọ ní Nàìjíríà. Ìkìlọ̀ tí kò dé etí ìyá tó ń gbé etí odò, òfìfo ni. Ẹ máa tẹ́tí sí rédíò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ gbọ́ fún ara yín ní ibi àsè àti ní ilé kéú.

ṢÉ WỌ́N Ń SỌ OHUN ÌKỌ̀KỌ̀ NI?

A mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti ń mi orí. Ẹ ní Ọlọ́run Ọba nìkan ló mọ ìgbà tí òjò yóò rọ̀. Ta wá ni kọ̀ǹpútà? Òótọ́ ni ẹ sọ, kò sì sí onímọ̀ gidi kan tó ń bá yín jiyàn. Òwe àwọn àgbà sọ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Àwọn onímọ̀ yìí kò dífá, wọn kò sì sọ pé ọ̀la ti hàn sí àwọn. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ni wọ́n ń kà, kí wọ́n lè mọ ohun tó sábà máa ń ṣẹlẹ̀. Ànábì Yúsúfù gbọ́ láti ọ̀dọ̀ Ọlọ́run pé ọdún méje ọ̀pọ̀ ń bọ̀, àti ọdún méje ìyàn lẹ́yìn rẹ̀. A kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wé ìyẹn rárá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ó ṣe sí ìmọ̀ náà: ó ní kí wọ́n tọ́jú ọkà pamọ́. Ìmọ̀ tí a kò fi tọ́jú ilé, ariwo lásán ni.

Oko ìṣírò a máa ṣìnà. Kò mọ̀ pé òyà yóò wọ oko yín lóru, tàbí pé màlúù yóò jẹ ẹ́. Kò mọ̀ bóyá ojú ọ̀nà yóò bàjẹ́ tí mọ́tò kò ní lè kó ẹ̀gẹ́ jáde. Òjò wa pẹ̀lú kì í rọ̀ kárí. Ó lè rọ̀ ní Ìtòrí kí Pápáláńtọ́ gbẹ. Bí ìṣírò tí wọ́n fún un bá sì jẹ́ irọ́, irọ́ náà ni yóò fún yín padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa ti kàn yín gan-an.

OHUN TÍ ILÉ YÍN LÈ ṢE

Ohun tó ń pa oko ìṣírò lẹ́kún jù ní ilẹ̀ wa ni àìsí àkọsílẹ̀. Ibi tí wọ́n ti ń wọn òjò kò pọ̀. Ẹ wá agolo kan tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gún régé láti ìdí dé ẹnu. Ẹ kàn án mọ́ orí òpó kúkúrú ní gbangba, kí ó jìnnà sí igi àti òrùlé. Láràárọ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbá, kí ọmọ kan fi rúlà ilé-ìwé rẹ̀ wọn omi inú rẹ̀, kí ó kọ iye mìlímítà rẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ oṣù sínú ìwé, kí ó sì da omi náà nù. Agolo tóbi ni o, agolo kéré ni o, bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá ti gún, iye kan náà ni yóò fi hàn. Kí ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ gbìn sí i, irú èyí tí ẹ gbìn, ọjọ́ tí ẹ wú u, àti iye kóńgò gàrí tó ti inú rẹ̀ jáde.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìwé ọmọ ilé-ìwé yẹn yóò mọ oko yín ju ọ̀jọ̀gbọ́n lọ. Bí òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ bá wá bá yín, ẹ gbé e síwájú rẹ̀, kí ẹ sì ní kí ó bá yín fi ṣe ìṣírò. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí ó bá àwọn bàbá nìkan sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi. Ẹni tó ń yan gàrí ló mọ ohun tó ti inú ilẹ̀ wá.

Báwo ni tọkọtaya wa ṣe parí ọ̀rọ̀ wọn? Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ọkọ gbin ìdá kan nínú mẹ́ta irúgbìn náà sí abẹ́ òkè, níbi tí ilẹ̀ ti ní amọ̀, nítorí ọjà àkọ́kọ́. Ìyàwó tọ́jú ìdá méjì tó kù de òjò tó fìdí múlẹ̀. Bí èyí àkọ́kọ́ bá jóná, ilé kò ní wó. Bó bá yè, wọ́n á rí owó ná kí ti ìkẹyìn tó dé. Agolo kan sì ń bẹ lórí òpó lẹ́yìnkùlé wọn báyìí. Ọmọbìnrin wọn ló ń wọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ gbé agolo tiyín náà síta kí òjò tó ń bọ̀ tó rọ̀. Ọlọ́run yóò bá wa fi àlùbáríkà sí iṣẹ́ ọwọ́ wa. Ó dìgbà kan ná o. Wàsàlámù.